Kí Ló Ń Mú Kí Áàpù Ìlera Pẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni?

Gbígba áàpù ìlera sórí fóònù kò ní wàhálà kankan nínú. Kí a ṣì máa ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ wà. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí áàpù 93 tó wà fún ìlera ọpọlọ àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí iye ìgbà tí wọ́n gbà á sórí fóònù kò tó 10,000. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 15, ìdajì àwọn áàpù náà ni kò ní ju bí èèyàn mẹ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣì ń ṣí wọn. Nígbà tó pé oṣù kan, mẹ́rin yẹn ti ń fà sí mẹ́ta. Àwọn tó kù ńkọ́? Ẹ yẹ fóònù ara yín wò. Ó ṣeé ṣe kí áàpù náà ṣì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò, tí ẹ kò fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀.

Òǹlò ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, pé ìlera ara rẹ̀ kò jẹ ẹ́ lógún. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń jí ní ìdájí lójoojúmọ́ láti bí ogún ọdún kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé áàpù ń tọrọ àyè tuntun lọ́wọ́ ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti kún dẹ́nu. Èyí tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni ni èyí tó fi ara rẹ̀ ti ohun tí onítọ̀hún ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń gbé ní Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, l'Ékòó. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló jí. Ó gbàdúrà, ó gbé omi kaná, ó di oúnjẹ àwọn ọmọ sínú kúlà, ó wẹ̀, ó sì ti wà nínú dáńfó kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá wọn dúró ní Kétu nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n: "Ẹ káàárọ̀! Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn nínú atẹ́gùn tútù." Èèyàn mẹ́rin ló wà lórí ìjókòó kan, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ìgbúnwọ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní ìhà rẹ̀. Rìn lọ síbo? Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, fóònù tún gbọ̀n, ó ń béèrè bóyá ó ti mu omi ife mẹ́rin. Obìnrin yìí kì í mu omi púpọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ní ìdí rẹ̀: ó lè lo wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà kó tó délé, kò sì sí ibi tí obìnrin ti ń tọ̀ lórí afárá Third Mainland. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, áàpù ní ó tó gẹ́ẹ́, kó pa iná, kó lọ sùn. Ìgbà yẹn gan-an ló ń gbé ọbẹ̀ kaná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó wọ sẹ́tíńgì, ó pa á lẹ́nu mọ́.

Kò sí èyí tó burú nínú ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkókò wọn ni kò bá a mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ obìnrin yìí ní àyè nínú, bí ẹnikẹ́ni bá lè fara balẹ̀ wò ó. Nítorí pé ó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sábà máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú àwọn oníbàárà. Á wá jókòó sórí àga rẹ̀, á gbé orí lé tábìlì, á di ojú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ yẹn ni àyè wà. Ohùn jẹ́jẹ́ tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń mí sínú kí a sì mí síta yóò bá a níbẹ̀, kò ní bá a jà. Àwọn tó ṣe áàpù náà kò mọ̀ nípa ogún ìṣẹ́jú yìí, torí wọn kò béèrè. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí, gíga ara àti bó ṣe wọ̀n tó.

Kí nǹkan tó mọ́ èèyàn lára, ó ní iye ìgbà tó ń gbà, ìgbà yẹn kò sì kéré. Ní University College London, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn 96 jọ. Wọ́n ní kí kálukú yan ohun kékeré kan tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́, kó sì so ó mọ́ ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi kó mu omi lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ọjọ́ 84. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé ó tó nǹkan bí ọjọ́ 66 kí ìdajì àwọn tí wọ́n rí tiwọn ṣírò dáadáa tó máa ṣe nǹkan náà láìrò ó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18, ẹni tó lọ́ra jù sì wà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ pé yóò gbà tó ọjọ́ 254. Ẹ wá fi ìyẹn wé ọjọ́ 15 tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Òǹlò ti lọ tipẹ́ kí áàpù tó ráyè mọ́ ọn lára. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ áàpù ń dá kò ju kí wọ́n lè mú èèyàn kọjá láàárín ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 66 yẹn.

BJ Fogg, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, ní ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan náà kí èèyàn tó ṣe nǹkan: kó wù ú, kó rọrùn fún un, kí ohun kan sì ta á jí. Ó ní ká má gbẹ́kẹ̀ lé "ó wù mí" jù, torí ohun tó wu èèyàn láàárọ̀ lè má wù ú mọ́ lálẹ́. Kí ohun tí a fẹ́ ṣe kéré gan-an ló ń wàásù, kó sì tẹ̀ lé ohun tí ara ti mọ̀. Ẹni tó fẹ́ máa fi òwú fọ àárín eyín, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí eyín kan ṣoṣo.

Ohun tí ara ti mọ̀ yẹn, èèkàn ni. A lè so nǹkan tuntun mọ́ ọn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ri wọlẹ̀ dáadáa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ áàpù ti ń kùnà lọ́dọ̀ wa. "Tí ẹ bá ti ki fóònù yín bọ iná lálẹ́," ni áàpù kan máa ń wí. Ta ló mọ ìgbà tí iná máa dé? Iná mànàmáná kì í ṣe èèkàn ní Nàìjíríà. Ìrun ni èèkàn. Àdúrà òwúrọ̀ tí gbogbo ilé ń péjọ sí ni èèkàn. Oníṣòwò tó ń ka owó ọjà kó tó ti ṣọ́ọ̀bù ní èèkàn tirẹ̀ níbẹ̀, bí ilé ìwé bá sì ń jáde ní aago méjì, ìyá tó ń dúró de ọmọ lẹ́nu géètì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àní èèkàn tó le jù náà máa ń ṣí nípò. Ní Èkó, àkókò ìrun àsùbáà kì í yí ju bí ìdajì wákàtí lọ jálẹ̀ ọdún, torí a kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ló ń kírun yẹn nínú oṣù kẹfà. Nígbà tó bá di oṣù kejìlá, aago mẹ́fà á ti kọjá. Áàpù tó bá so ìdárayá mọ́ ìrun rẹ̀ láìwo oṣù yóò jí i ní òru ọ̀gànjọ́ pé kó wá ta pọ́ún. Nígbà Ràmàdáánì, gbogbo nǹkan ń kó lọ sí ìdí sààrì àti ìṣínu, àtorí oúnjẹ, àtorí oògùn, àtorí oorun. Áàpù tó bá ń sọ pé kí aláàwẹ̀ mu omi ní aago méjì ọ̀sán ti fi han onítọ̀hún pé kò mọ̀ ọ́n rárá.

Calm jẹ́ àpẹẹrẹ àwọn tó ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Michael Acton Smith àti Alex Tew ló dá a sílẹ̀ ní 2012, fún àṣàrò àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wo ìgbà tí àwọn èèyàn ń ṣí i, wọ́n rí i pé ọwọ́ alẹ́, nígbà tí èèyàn bá ti wà lórí ibùsùn, ni ìlò rẹ̀ ń ga. Kì í ṣe torí ìyẹn ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ì bá wàásù fún àwọn èèyàn pé òwúrọ̀ ló dára fún àṣàrò. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2016 wọ́n gbé ìtàn oorun jáde, ìtàn tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kà fún àgbàlagbà títí tí yóò fi sùn. Ó wá di ọ̀kan lára ohun tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ jù lọ.

Wọ́n tún rí ohun kejì. Ibì kan wà nínú sẹ́tíńgì tí èèyàn ti lè yan àkókò tí áàpù yóò máa rán an létí. Ó fara sin débi pé àwọn tó rí i kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ yẹn ń padà wá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn yòókù. Èèyàn lè ní àwọn tó kúkú nífẹ̀ẹ́ áàpù náà tẹ́lẹ̀ ló lọ wá sẹ́tíńgì kiri. Calm náà rò ó. Torí náà wọ́n gbé ìbéèrè yẹn wá síta: bí òǹlò tuntun bá ṣe parí àṣàrò àkọ́kọ́, wọn á bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ kí wọ́n máa pè é. Àwọn tó yan àkókò torí pé wọ́n bi wọ́n léèrè náà sì ń padà wá bíi ti àwọn àkọ́kọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé Calm kọ́ ló yan àkókò. Òǹlò ló mọ ìgbà tí ara rẹ̀ ń rọlẹ̀.

Ṣé kí a wá máa pe èèyàn lóòrèkóòrè ni? Rárá o. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní HeartSteps, tí Predrag Klasnja àti Susan Murphy wà nídìí rẹ̀, fún èèyàn 44 ní áàpù kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Amẹ́ríkà. Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni áàpù náà lè gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n rìn díẹ̀, àwọn tó ń lò ó ni wọ́n sì yan ìgbà márààrún. Áàpù náà ń wo ojú ọjọ́ àti ibi tí onítọ̀hún wà kó tó sọ̀rọ̀, kì í sì í dá ẹni tó ń wakọ̀ láàmú. Níbẹ̀rẹ̀, bó bá sọ̀rọ̀ báyìí, ìṣísẹ̀ wọn á pọ̀ sí i láàárín ìdajì wákàtí tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń di ariwo ọjà létí wọn. Ohùn tó bá àkókò mu pàápàá ń sú èèyàn.

Kenya ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù lórí èyí, kì í sì í ṣe lórí fóònù olówó ńlá. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀ránṣẹ́ lásán ni wọ́n lò, fún àwọn tó ń lo oògùn HIV. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n pín èèyàn 431 sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ fún ọ̀sẹ̀ 48: wọ́n ń rán àwọn kan létí lójoojúmọ́, wọ́n ń rán àwọn kan létí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọn kò sì rán àwọn kan létí rárá. Nínú àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé sí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, 53 nínú ọgọ́rùn-ún lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Nínú àwọn tí wọn kò kọ̀wé sí, 40 ni. Àwọn tí wọ́n ń rán létí lójoojúmọ́ wá ńkọ́? Wọn kò sàn ju àwọn tí wọn kò rán létí lọ. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n lẹ ìwádìí yìí mọ́ ara ògiri gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Richard Lester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ ìwádìí WelTel, tí wọ́n ṣe ní Kenya bákan náà, jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Èèyàn 538 ló kópa, wọ́n sì pín wọn sí méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àwọn kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní èdè Swahili: "Mambo?" Ìkíni ni, bí ìgbà tí a bá ní "Báwo ni?" Láàárín ọjọ́ méjì, ẹni tí wọ́n kí á dáhùn. "Sawa" ni bí gbogbo rẹ̀ bá dára, "Shida" ni bí ìṣòro bá wà. Ẹni tó bá ní ìṣòro, tàbí tí wọn kò gbúròó rẹ̀, nọ́ọ̀sì á pè é. Kò sí "ẹ má gbàgbé oògùn yín" níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ń kí ló sọ pé àwọn ń lo oògùn bó ṣe yẹ. Nínú àwọn tí wọn kò kí, 50 ni.

Ó yẹ kí ìyẹn yé Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwa tí a ní ẹ kú ọjà, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìnáwó, ojú la fi ń wo ẹni tí a fẹ́ kí kí a tó la ẹnu. Ẹni tó bá bá ọ nídìí oúnjẹ tó ní "ẹ kú iṣẹ́" kò wo ọ̀dọ̀ rẹ rárá. "Mambo?" tún bo àṣírí. Ẹni tó bá yọjú wo fóònù aládùúgbò rẹ̀ nínú ọkọ̀ kò ní rí nǹkan kan ju pé ẹnìkan kí i. Mélòó nínú àwọn áàpù wa ló rò ó pé fóònù a máa wà lórí tábìlì, pé ọmọ, ọkọ tàbí ọ̀gá ń rí ohun tó bá yọ lójú rẹ̀? "Ó ti tó àkókò láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín" kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn fẹ́ kí ẹlòmíràn kà. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á yọ áàpù náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ dátà kò gba àlàyé púpọ̀. Áàpù tó bá ń fi fídíò kọ́ni ní ìdárayá láìjẹ́ kí a gbà á pamọ́ ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sẹ́yìn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. WhatsApp ti wà lórí fóònù, ìyá àgbà pàápàá mọ bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí rẹ̀, èyí ló sì mú kí àwọn ọlọ́gbọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn láti ibẹ̀. L'Ékòó, mDoc, tí Nneka Mobisson wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ń ti àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lẹ́yìn lórí fóònù, àmọ́ wọ́n tún ní ibi tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Mo ní ẹjọ́ kan lòdì sí kíka ọjọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n: "Ẹ ti ṣe é fún ọjọ́ 23 láìdáwọ́ dúró!" Ó dùn, ó ń ti èèyàn síwájú. Ọjọ́ Sátidé kan á wá dé tí ẹ lọ síbi òkú bàbá ọ̀rẹ́ yín ní Ìjẹ̀bú, ẹ wọ aṣọ ẹbí, ẹ jó, ẹ padà wálé ní òru. Lọ́jọ́ Àìkú, áàpù á fi òdo hàn yín. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí Lally tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sọ ọ́ kedere pé bí èèyàn bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò ba ohun tó ti ń mọ́ ọn lára jẹ́. Ọdún 2015 ni aago ọwọ́ Apple dé ọjà pẹ̀lú àwọn òrùka tí a gbọ́dọ̀ pa pọ̀ lójoojúmọ́. Ọdún 2024 ni wọ́n tó jẹ́ kí òǹlò lè dá a dúró fún ọjọ́ kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ láìsọ iye ọjọ́ rẹ̀ nù, tí wọ́n sì jẹ́ kó yan ìwọ̀n tó yàtọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbà pé ara ń ṣàìsàn, pé Sátidé kì í ṣe Túsìdeè!

Ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ìṣísẹ̀ 10,000 tí gbogbo áàpù ń lé kiri kò wá láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan, Yamasa, ló fi sọ orúkọ ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 1965. Nígbà tí I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ìyá àgbà 16,741 ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i ní 2019 pé àwọn tó ń rin nǹkan bí ìṣísẹ̀ 4,400 lóòjọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin 2,700, àti pé àǹfààní náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́ lẹ́yìn 7,500. Ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì látàárọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti 4,000 láìsí ìtìjú. Obìnrin tó ń kiri ọjà láti Òṣòdì dé Múṣin kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé kó rìn. Ó nílò ẹni tí yóò rán an létí pé kó jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ohun kan wà tí àwọn oníṣòwò áàpù kì í fẹ́ sọ. Bí nǹkan bá ti mọ́ èèyàn lára tán, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò áàpù mọ́. Ẹni tó ti ń rìn láti ibùdókọ̀ dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo láìrò ó ti rí ohun tó wá gbà. Àmọ́ nínú ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́, ẹni tó sá lọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, torí iye ìgbà tí a ṣí áàpù ni wọ́n ń kà, owó oṣooṣù ni wọ́n ń retí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pariwo sí i bí òǹlò bá ti dákẹ́. Kí wọ́n bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan lóṣù bóyá ó ṣì ń ṣe nǹkan náà. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ áàpù ní Yaba, kí ẹ tó kọ ìlà àkọ́kọ́, ẹ bá òǹlò kan wọ dáńfó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì bá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, bí ẹ bá gba áàpù tuntun, ibi ìránnilétí ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ yí àkókò rẹ̀ sí ìgbà tó bá ọjọ́ yín mu, ẹ pa àwọn yòókù. Bí kò bá gbà kí ẹ yí i, ẹ yọ ọ́ kúrò; dátà yín ló ń jẹ.